Àtúntò Àkójọ Orin Ìdílé Wa ní Iléṣà: Fífi Àmì Ẹ̀yà sí Orin Kọ̀ọ̀kan

Àkójọ orin tí iṣẹ́ yìí dá lé jẹ́ ti ìdílé wa ní Iléṣà, ó sì lé ní 9,000 fáìlì. Lára wọn ni àwọn CD tí bàbá wa rà tí a dà sínú kọ̀ǹpútà, àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbà sílẹ̀ níbi ayẹyẹ ẹbí, àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù díẹ̀, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ MP3 tí àwa ọmọ wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tí a gbà láti inú fíláàṣì ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Orin pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ orúkọ olórin nìkan ló lè rí ohun tó ń wá. Bí àwọn àgbà bá pé jọ tí wọ́n sì ní kí á fi àpàlà sí i fún àwọn, àfi kí á máa rántí orúkọ àwọn alápàlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí n tẹ "Àpàlà", kí gbogbo àpàlà tí a ní jáde, kí ohun tí kì í ṣe àpàlà má sì bá wọn jáde.

Ipò tí mo bá àkójọ náà

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí háàdì-dísìkì kejì, mo sì gbé ìyẹn sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ètò Mp3tag ṣí àwọn fáìlì, tí mo sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà ní àyè tí fáìlì orin máa ń kọ ẹ̀yà rẹ̀ sí. Jùjú nìkan ní orúkọ márùn-ún níbẹ̀: "Juju", "JUJU", "Ju-Ju", "Juju Music" àti "Jùjú". Àwọn fáìlì kan gbé àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì tí a ti wà wọ́n jáde sí ibi tí ó yẹ kí ẹ̀yà wà. Ọ̀pọ̀ ló ṣófo. "Other", "misc", "Folk", "World" àti "Ethnic" pín èyí tó kù mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn àpàlà àtijọ́ kan sì wà lábẹ́ "Blues".

Blues yẹn ní ìdí, ìdí náà sì tú púpọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ tó kù fún mi. Nígbà tí Eric Kemp gbé ètò ID3 jáde ní 1996, báìtì 128 péré ló fi kún ìparí fáìlì MP3 láti gba orúkọ orin, olórin, àwo, ọdún àti àlàyé ṣókí. Báìtì kan ṣoṣo ló kan ẹ̀yà orin nínú rẹ̀, báìtì kan kò sì lè gba ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló ń gbà. Orúkọ 80 ni wọ́n kọ́kọ́ tò sábẹ́ àwọn nọ́ńbà náà, láti 0 títí dé 79. Blues ni 0, Jazz ni 8, Other ni 12, Reggae ni 16, Gospel ni 38, Ethnic ni 48. Jùjú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpàlà, sákárà, wákà àti fújì kò sí. Nítorí náà, bí ètò kan bá kọ òdo sílẹ̀ nítorí pé kò ní nǹkan tí yóò kọ síbẹ̀, Blues ni ètò mìíràn yóò kà á sí. Bí Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe bá ara rẹ̀ láàárín àwọn olórin Blues nínú kọ̀ǹpútà wa nìyẹn.

Àwọn CD kò bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀. CDDB, ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti máa ń béèrè orúkọ àwọn orin inú CD nígbà náà, ìsọ̀rí 11 péré ló ní: blues, classical, country, data, folk, jazz, misc, newage, reggae, rock àti soundtrack. Ẹni tó bá fẹ́ fi CD Yorùbá sílẹ̀ níbẹ̀ ní láti mú ọ̀kan nínú wọn, folk tàbí misc sì ni mo bá lára tiwa. Láti 1998 tí ID3v2, ẹ̀dà kejì ètò ID3, ti dé ni àyè ẹ̀yà ti lè gba ọ̀rọ̀ yòówù tí ènìyàn bá kọ, FLAC, irú fáìlì orin mìíràn, pẹ̀lú sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Àwọn nọ́ńbà àtijọ́ ni a kàn ń dà kọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè.

Orin ni à ń fi àmì sí, kì í ṣe olórin

Ọ̀nà tó yá jù lọ ni kí á ṣí fódà olórin kan, kí á yan gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí á sì kọ ẹ̀yà kan ṣoṣo sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lo ọ̀nà yìí rárá. Ìpinnu yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé olórin kì í dúró sójú kan. Highlife tí jazz wọ̀ ni Fẹlá Kútì àti ẹgbẹ́ Koola Lobitos ń kọ ní àwọn ọdún 1960 kí Afrobeat tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá kọ Afrobeat sí gbogbo fódà rẹ̀ ti bo ọ̀nà tí orin náà gbà dàgbà mọ́ olùgbọ́ lójú. Síkírù Àyìndé Barrister ti ń kọ wéré ní àsìkò sààrì kí fújì tó di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ebenezer Obey, tí ó gbajúmọ̀ nínú jùjú, padà kọ orin ìjọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde kò sì lè yanjú ọ̀rọ̀ náà: Hárúnà Ìṣọ̀lá alápàlà àti I. K. Dairo onijùjú ni wọ́n jọ dá Star Records sílẹ̀ ní 1969, nítorí náà àpàlà àti jùjú lè jọ wà lábẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ kan náà láìjẹ́ ẹ̀yà kan náà.

Gbígbọ́ ló kù. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí orin kọ̀ọ̀kan tí kò bá dá mi lójú, èyí tó bá sì ta kókó, mo gbé e tọ bàbá onílù kan lọ ní Òkèsà, ẹni tí ó ti ń lu gángan láti kékeré. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni ẹ máa ń gbọ́ kí ẹ tó mọ̀ pé àpàlà ni?", wọ́n ní, "Fi ohùn olórin sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Gbọ́ ìlù tó wà níbẹ̀, kí o sì gbọ́ ohun èlò tí kò sí níbẹ̀." Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ wọn yìí ló wúlò fún mi jù, nítorí pé àwọn ẹ̀yà orin wa máa ń pín ìlù láàárín ara wọn. Gángan wà nínú jùjú, ó wà nínú àpàlà, ó wà nínú fújì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò kọ ibìkan. Ohun tí ẹ̀yà kan kò gbà wọlé ló sábà máa ń là á kúrò lára èkejì.

Àpàlà kò gba gìtá. Agídìgbo ló máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ dúró, tí gángan, àkúbà, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò sì máa bá a lọ. Ti Hárúnà Ìṣọ̀lá a máa rọra rìn. Ti Àyìnlá Ọmọwúrà a máa le, a sì máa yára, débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè kọ fújì sí i. Àpàlà ni méjèèjì. Gòjé ni àmì sákárà, pẹ̀lú ìlù sákárà fúnra rẹ̀ tí a fi awọ bo òrùka amọ̀, bí ó ti wà nínú orin Yúsúfù Ọlátúnjí. Bí ìlù sákárà bá ń dún tí gòjé kò sì sí, ó yẹ kí á tún etí fi sílẹ̀, nítorí pé fújì pẹ̀lú lo ìlù náà.

Jùjú gbà mí ní àsìkò ju gbogbo wọn lọ. Láti ìgbà Túndé King ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ẹgbẹ́ kò ju ènìyàn mélòó kan lọ, ohun èlò ń wọ inú rẹ̀ ni, kì í jáde. Gángan àti gìtá oníná wọlé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. I. K. Dairo mú àkọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀, ó sì gba MBE, oyè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1963. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí ìdílé rẹ̀ ti wá kò jìnnà sí Iléṣà, orin rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn àwo bàbá wa. King Sunny Adé fi irú gìtá onírin tí àwọn olórin country ní Amẹ́ríkà ń lò kún un. Bí a bá gbé àwo àwọn mẹ́ta yìí fún ẹni tí kò gbọ́ wọn rí, ó lè sọ pé ẹ̀yà mẹ́ta ni. Mo ronú lórí bóyá kí n pín jùjú sí ìsọ̀rí kéékèèké gẹ́gẹ́ bí ìgbà, ṣùgbọ́n àyè ọdún ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jùjú àtijọ́ yóò wá "Jùjú" tí ọdún rẹ̀ kò kọjá 1965, yóò sì rí i. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Wákà ni kò tẹ̀ lé òfin ìlù tí mo ti gbé kalẹ̀. Nínú àwọn àwo Sàláwà Àbẹ̀ní tó jáde nígbẹ̀yìn, ìlù náà sún mọ́ ti fújì gidi gan-an, bí ó bá sì jẹ́ ìlù nìkan ni a ó tẹ̀ lé, fújì ni à bá kọ. Ṣùgbọ́n wákà jẹ́ orin tí àwọn obìnrin ń lé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé e sì ti wà kí fújì tó dé. Bàbá onílù náà kò ṣiyèméjì rárá: wọ́n ní ohùn ni kí á tẹ̀ lé níhìn-ín. Mo kọ "Wákà".

Highlife àti Afrobeat kò fi bẹ́ẹ̀ le. Fèrè bíi trumpet àti saxophone ló ń ṣíwájú nínú highlife Victor Ọláìyá àti Roy Chicago, ìlù Tony Allen sì ni ẹ̀rí tó dájú jù nínú Afrobeat.

Ẹ̀sìn, ayẹyẹ àti ohun tí kì í ṣe ẹ̀yà

Orin ìyìn tó wọ aṣọ jùjú pọ̀ nínú àkójọ wa, ìyá wa ló rà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn ló ní "Gospel" lára. Mo pinnu pé ọ̀rọ̀ inú orin ni ẹ̀sìn ń sọ nípa rẹ̀, ohùn àti ìlù ni ẹ̀yà ń sọ nípa rẹ̀, kí a má fi ọ̀kan gba àyè èkejì. Nítorí náà mo kọ "Jùjú" sí àyè ẹ̀yà, mo sì kọ "Ìyìn Kristẹni" sí àyè Grouping, tí Mp3tag pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ètò mìíràn lè kà. Bákan náà ni mo ṣe fún fújì àti wákà tí a kọ fún àdúrà àti wàásù Ìsìláàmù. Orin ìwé tí ẹgbẹ́ akọrin kọ pẹ̀lú dùùrù nìkan ni mo fi "Orin Ìjọ" sí, nítorí pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìyá wa ṣì lè rí gbogbo orin ìyìn wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá wá a ní Grouping, ẹni tó ń wá jùjú kò sì pàdánù wọn.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ni ibi tí ọkàn mi wà jù. Òlele tí àwọn ìyá àti bàbá wa ń kọ níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, orin Ìjẹ̀ṣà gan-an, tí a kò lè rí rà níbì kankan. Alámọ̀ ti Èkìtì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé a ní àna ní apá ibẹ̀, àti dadakúàdà ti Ìlọrin tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ lórí rédíò. Àbúrò mi dá a lábàá pé kí á kó gbogbo wọn sábẹ́ "Ìbílẹ̀" kí iṣẹ́ lè yá. N kò gbà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un: ohun tí "Ethnic" ṣe sí jùjú náà ni "Ìbílẹ̀" yóò ṣe sí òlele. Fáìlì òlele lè máà ju ogójì lọ, síbẹ̀ ó ní orúkọ, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ sí i. Ìlú tàbí àdúgbò tí a ti gbà á sílẹ̀ wà ní àyè àlàyé, ẹni tó lé orin wà ní àyè olórin níbi tí a ti mọ̀ ọ́n, mo sì kọ "yor" sí àyè èdè nínú gbogbo fáìlì, nítorí pé òun ni kóòdù Yorùbá tí gbogbo ayé ń lò.

"Mix" kì í ṣe ẹ̀yà. Mo yọ ọ́ kúrò.

Àkọtọ́ àti àmì ohùn

Ìpinnu mi ni pé kí orúkọ ẹ̀yà ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ (dọ́ọ̀tì abẹ́ lẹ́tà) rẹ̀ pé pérépéré: Jùjú, Àpàlà, Sákárà, Wákà, Fújì, Òlele, Alámọ̀, Orin Ìjọ. Ìṣòro tó yọjú ni pé, lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ tán, "Alámọ̀" méjì tó jọra lójú ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ètò tí a fi ń gbọ́ orin. Ohun tó fà á ni bí Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní kóòdù, ṣe ń tọ́jú lẹ́tà wa. Kóòdù kan ṣoṣo wà fún "ọ", ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún "ọ̀". Lẹ́tà pẹ̀lú àmì tó ń tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Bọ́tìnnì fóònù lè kọ "ọ" kí ó tó fi àmì ohùn sí i, ti kọ̀ǹpútà lè kọ "ò" kí ó tó fi ìsàlẹ̀ sí i, ẹlòmíràn sì lè kọ "o" lásán kí ó to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ ni ìlànà NFC, tó ń sọ gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti mutagen, irinṣẹ́ rẹ̀ fún àmì inú fáìlì orin, kọ ètò kékeré kan tó ń ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan, tó ń ka orúkọ ẹ̀yà, olórin, àwo àti orin, tó ń fi unicodedata.normalize sọ wọ́n di NFC, tó sì ń kọ wọ́n padà. Ohun kan wà tí NFC kò lè tún ṣe: àwọn tó máa ń fi ìlà kékeré olóròó (U+0329) sábẹ́ lẹ́tà dípò dọ́ọ̀tì. NFC kà á sí àmì ọ̀tọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìlà kan kún ètò náà láti pààrọ̀ rẹ̀ sí dọ́ọ̀tì (U+0323) kí NFC tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni "Alámọ̀" di ẹyọ kan, orúkọ Àyìnlá Ọmọwúrà pẹ̀lú kò sì fọ́ sí méjì mọ́.

Iná, rédíò ọkọ̀ àti àwo gígùn

Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára ni mo fi ṣe gbogbo kíkọ náà, n kò lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà nílé. Iwájú fáìlì ni ID3v2 wà. Bí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ bá kéré fún ohun tí a fẹ́ kọ, odindi fáìlì ni ètò yóò tún kọ. Bí iná bá lọ láàárín ìyẹn, orin lè bàjẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìlú wa gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kí ó tó yan ẹgbẹ̀rún fáìlì lẹ́ẹ̀kan.

Rédíò inú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò lè ka ID3v2.4, ẹ̀dà ID3v2 tó dé lẹ́yìn ID3v2.3, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ; àpótí kékeré òfìfo ló ń fi hàn dípò wọn. N kò tìtorí èyí bọ́ àmì kúrò lára àkójọ gidi. Ẹ̀dà ni mo ń ṣe sórí fíláàṣì: ètò Python náà a máa kọ ẹ̀dà yẹn ní ID3v2.3, a sì máa yọ àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ nìkan. Ìdí yìí náà ni mo ṣe yàn láti kọ ẹ̀yà kan péré sí orin kọ̀ọ̀kan. ID3v2.4 gba ẹ̀yà púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n nínú ID3v2.3 àmì "/" ni wọ́n sábà fi ń so wọ́n pọ̀, rédíò ọkọ̀ yóò sì ka "Juju/Highlife" sí ẹ̀yà tuntun kan.

Ní ti àwọn àwo jùjú tí ẹ̀gbẹ́ kan wọn ń lọ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò gé wọn. Olórin náà ló so àwọn orin wọ̀nyẹn pọ̀, ìlù ló sì ń gbé ọ̀kan wọ inú èkejì. Fáìlì kan ló dúró fún ẹ̀gbẹ́ kan, orúkọ àwọn orin inú rẹ̀ wà ní àyè àlàyé pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ètò MusicBrainz Picard bá mi dá púpọ̀ nínú àwọn orin tí a tún tẹ̀ sórí CD ní òkè òkun mọ̀ láti ara ohùn wọn, ó sì fún mi ní ọdún tó tọ́ fún wọn. Fún àwọn tó kù, ẹ̀yìn páálí àwo ni mo ti kà á, tàbí kí n fi àyè ọdún sílẹ̀ lófìfo. Jùjú, àpàlà, sákárà, wákà, fújì, highlife àti Afrobeat ti pé. Bí a bá tẹ "Àpàlà" báyìí, àpàlà nìkan ló ń jáde.

Òlele ni kò tíì parí. Orúkọ ẹni tó lé orin kò sí lára ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà, àwọn tó lè dá ohùn wọn mọ̀ sì ti dàgbà. Mo ti da àwọn fáìlì náà sórí fóònù, mo sì ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa lẹ́yìn Ọjà Àtakúmọ̀sà àti ní àwọn ilé ẹbí mìíràn, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sì sọ ẹni tó ń kọ ọ́. Orúkọ tí ènìyàn méjì bá fẹnu kò lé lórí ni mo ń kọ sí àyè olórin. Èyí tí ẹnìkan ṣoṣo bá dárúkọ ń lọ sí àyè àlàyé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, títí a ó fi rí ẹlòmíràn tí yóò jẹ́rìí sí i.